Epo Dà Sílẹ̀: Ta Ni Ó Dà Á? Àbá Lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìtọ́jú Táǹkì Epo

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ó wà níwájú àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí ní èdè Yorùbá, èyí tí ó jẹ mọ́ ewu ni ó yẹ kí ó ṣíwájú. Bí ọ̀rọ̀ bá tàsé nínú ìwé gírámà, akẹ́kọ̀ọ́ lè pàdánù máàkì díẹ̀, ọ̀ràn náà a sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá tàsé lẹ́nu ẹni tí ó dúró ti táǹkì epo, ó lè gba ẹ̀mí, ó lè ba kànga àdúgbò jẹ́, ó sì lè sun ọjà di eérú. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ tí Yorùbá nílò láti fi dènà irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn tipẹ́. Títò wọ́n, yíyà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn, àti fífi wọ́n kọ́ni ni ó kù.

Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Àkànṣe Ọlọ́dún Mẹ́fà, nínú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Láti ìgbà náà ni ẹnu ti wọ́lẹ̀ fún àwọn tí ń sọ pé èdè yìí kò lè gbé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984. Ẹ̀ka èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó dá lé. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ wọ̀nyí. Síbẹ̀, yàrá ìkàwé ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n mú wá kọjú sí. Ẹni tí ń jó irin pọ̀, ẹni tí ń wa ọkọ̀ agbépo, àti ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ amúnáwá lóru kò ì tíì rí ìpín tí ó tó nínú wọn.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍLẸ̀ NÍ OWÓDÉ ONÍRIN

Owódé Onírin wà ní etí títì Ìkòròdú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, kò sì jìnnà sí Kẹ́tu àti Máìlì 12. Irin ni ó yà á sọ́tọ̀ láàrin àwọn Owódé tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ibẹ̀ ni irin àlòkù, irin pẹlẹbẹ àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun mẹ́ta ni ó mú kí ọ̀rọ̀ táǹkì epo ṣe pàtàkì ní irú ibi bẹ́ẹ̀.

Èkíní ni irin náà fúnra rẹ̀, nítorí irin tí ó ti ṣiṣẹ́ níbì kan rí lè di ara táǹkì lọ́la. Èkejì ni pé iná mànàmáná tí kò dúró déédéé ti sọ ẹ̀rọ amúnáwá di kò-ṣeé-mánìí fún ilé ìfowópamọ́, ilé ìwòsàn, ilé búrẹ́dì àti ilé ẹ̀rọ gbogbo ní Èkó, olúkúlùkù wọn sì ní láti tọ́jú dísẹ̀lì sí àyíká rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni omi. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Odò Ògùn ni agbègbè náà sún mọ́, kí odò yìí tó wọ ọ̀sà. Nígbà tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán ní òkè odò, Àgílítí, Ajégúnlẹ̀, Owódé Onírin àti àwọn àdúgbò ẹ̀bá wọn wà lára àwọn tí ìkìlọ̀ ìjọba máa ń kọ́kọ́ bá. Ní 2010, àkúnya omi lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé ní Ajégúnlẹ̀ àti ní ìhà Máìlì 12. Níbi tí irin ògbólógbòó, dísẹ̀lì àti àkúnya omi bá ti pàdé, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ tí ń ṣàlàyé ewu jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

ÀLÉÉBÙ Ọ̀RỌ̀ KAN ṢOṢO

Bí epo bá jáde níbi tí kò yẹ kí ó ti jáde, gbólóhùn tí ó rọrùn jù lọ láti sọ ni “epo dà sílẹ̀”. Ó yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè fara balẹ̀ wo gbólóhùn yìí. Ọ̀rọ̀-ìṣe “dà” lè gba àbọ̀, ó sì lè ṣe aláìgbà á. Nínú “Òṣìṣẹ́ da epo sílẹ̀”, ohùn ìsàlẹ̀ orí ọ̀rọ̀-ìṣe náà di ohùn àárín níwájú àbọ̀ rẹ̀, olùwà tí ó ṣe nǹkan sì hàn gbangba. Nínú “Epo dà sílẹ̀”, epo ni ó di olùwà, àfi bí ẹni pé epo náà ni ó dìde tí ó da ara rẹ̀ nù. Kò sí ohun tí ó burú nínú gírámà yìí. Nígbà tí ó bá di ọ̀ràn ìwádìí ni àléébù rẹ̀ máa ń yọjú, nítorí pé ó fi ẹni tí ó ṣí fáàfù tí kò tì í, ẹni tí ó jó irin tí kò dán an wò, àti ọ̀gá tí kò ra wọ́ṣà tuntun pamọ́ sẹ́yìn epo.

Òfin pẹ̀lú mú kí ọ̀rọ̀ yìí gbóná. Òfin tí ó dá àjọ NOSDRA sílẹ̀ ní 2006 sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tí epo bá jáde lọ́wọ́ rẹ̀ fi tó àjọ náà létí ní kíkọ láàrin wákàtí 24, ó sì fi owó ìtanràn lélẹ̀ fún ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ òfin náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kọ́kọ́ rí epo lórí ilẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ tàbí òṣìṣẹ́ tí èdè Yorùbá jẹ́ èdè iṣẹ́ rẹ̀. Bí ohun tí ó rí bá jẹ́ oríṣi mẹ́fà, tí orúkọ tí ó ní fún gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan, ìròyìn tí ọ̀gá rẹ̀ yóò kọ kò lè péye.

ÌṢẸ̀LẸ̀ MẸ́FÀ, Ọ̀RỌ̀ MẸ́FÀ

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí ó yẹ kí onímọ̀ ọ̀rọ̀-ìperí wò nínú ọ̀ràn yìí ni ohun tí ó fa jíjáde epo, nítorí pé ohun tí ó fà á ni yóò sọ bí wọn yóò ti ṣe dènà rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́fà tí ó ti wà nínú èdè tó láti ṣe iṣẹ́ náà.

Èkíní ni “kán”. Èyí ni ti epo tí ń bọ́ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán lẹ́nu fáàfù tàbí ní oríkèé ọ̀pá. Ènìyàn a máa fojú tín-ín-rín rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan lè di nǹkan bí lítà 2 sí 4 láàrin ọjọ́ kan. Abọ́ tí wọ́n gbé sábẹ́ rẹ̀ a gbà á fún ìgbà díẹ̀. Pípààrọ̀ wọ́ṣà ni òpin rẹ̀.

Èkejì ni “jò”. Ara táǹkì ti lu nígbà tí ó bá ń jò. Ìpẹtà ni ó sábà máa ń fà á, láti inú ni ìpẹtà náà sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Omi wúwo ju dísẹ̀lì lọ. Nítorí náà, omi tí ìrì àti òjò bá mú wọ inú táǹkì a rọ̀ sí ìsàlẹ̀, a jókòó síbẹ̀, a sì máa jẹ irin níbi tí ojú kò tó. Fífa omi ìsàlẹ̀ yìí jáde lóòrèkóòrè, àti gbígbé táǹkì kúrò lórí erùpẹ̀ kí ènìyàn lè rí ìdí rẹ̀, ni ìdènà rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni “sun”, gẹ́gẹ́ bí omi ti ń sun láti inú ilẹ̀. Táǹkì tàbí ọ̀pá tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ ni èyí kàn. Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà ní Bárúwá, ní Ìpájà, ní ìpínlẹ̀ Èkó kan náà, níbi tí epo láti ara ọ̀pá epo tí ó gba abẹ́ ilẹ̀ wọn kọjá ti wọ inú kànga, tí àwọn ará àdúgbò sì ti ń fi omi kànga wọn sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1990. Ìṣọ́ra kan pọn dandan níhìn-ín. “Sun” tí ó jẹ́ ti omi àti “sun” tí ó jẹ́ ti iná dọ́gba ní ìró àti ní ohùn. Lẹ́bàá epo, àṣìgbọ́ irú èyí kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Nítorí náà, kò yẹ kí “sun” dá dúró nínú ọ̀rọ̀-ìperí. “Sun wọlẹ̀” ni kí ó jẹ́, kí ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ “ìsunwọlẹ̀”. Ohun tí ojú kò rí, ìṣirò ni ó lè rí i: kí wọ́n wọn epo ní àárọ̀ àti ní alẹ́, kí wọ́n yọ iye tí ẹ̀rọ lò kúrò, kí wọ́n sì wádìí bí ohun tí ó kù kò bá dọ́gba.

Ẹ̀kẹrin ni “kún”, èyí tí “àkúnwọ́sílẹ̀” ti jáde. Ìgbà tí ọkọ̀ agbépo bá ń rọ epo sí táǹkì ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kejìlá, 2005, ní Buncefield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ tí ń wọn epo inú táǹkì ńlá kan takú sí ojú kan bí bẹntiróòlù ti ń wọlé lọ. Ẹ̀rọ kejì tí ó yẹ kí ó dá epo dúró kò ṣiṣẹ́. Ó ju lítà 250,000 tí ó kún wọ́ sílẹ̀; oruku rẹ̀ gbiná, ó bú gbàù, ó ju 40 ènìyàn tí ó fara pa, iná náà sì jó fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbára lé ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Kí wọ́n fi ọ̀pá wọn epo kí ọkọ̀ tó ṣí ẹnu. Kí wọ́n ṣírò àyè tí ó kù. Kí ènìyàn sì dúró tì í títí yóò fi parí. Bí àyè lítà 1,000 ni ó kù, tí pọ́ǹpù sì ń gbé lítà 500 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 2 péré ni ẹni tí ó lọ jẹun ní. Ó yẹ kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ lókè pẹ̀lú, nítorí oòrùn a máa mú epo wú: lítà 10,000 dísẹ̀lì tí ooru rẹ̀ fi ìwọ̀n 10 lé sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius yóò fi nǹkan bí lítà 80 pọ̀ sí i.

Ẹ̀karùn-ún ni “bẹ́”. Èyí ni ti táǹkì tí ó ya lẹ́ẹ̀kan náà, èyí sì ni ó yẹ kí Owódé Onírin fetí sí jù. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kìíní, 1988, ní Floreffe nítòsí Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, táǹkì dísẹ̀lì kan tí ó lè gba nǹkan bí mílíọ̀nù 4 gálọ̀nù bẹ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń rọ epo kún un níbẹ̀. Irin àlòkù ni wọ́n fi ṣe é: wọ́n tú u palẹ̀ níbì kan lẹ́yìn nǹkan bí 40 ọdún, wọ́n sì tún un jó pọ̀ ní Floreffe. Àbùkù àtijọ́ kan wà lára irin náà, wọn kò sì rọ omi kún un tán láti fi dán an wò. Ó ju 700,000 gálọ̀nù tí ó wọ odò Monongahela, omi mímu ọ̀pọ̀ ìlú ní ìsàlẹ̀ odò sì bàjẹ́. Ìdánwò tí wọn kò ṣe tán yìí kò le rárá. Bí omi ti wúwo ju dísẹ̀lì lọ, táǹkì tí ó bá gba omi dé ẹnu tí kò jò, tí kò sì wú, ti fi agbára rẹ̀ hàn kí epo tó dé. “Ìfomidánwò” ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́. Bí ẹni tí ń ra táǹkì ní ọjà bá lè béèrè pé, “Ṣé ẹ ti fi omi dán an wò?”, ọ̀rọ̀-ìperí ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà ni “dà” fúnra rẹ̀. Kí wọ́n fi í mọ sí ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti da epo nù: ọ̀pá rọ́bà tí ó yọ lẹ́nu táǹkì, kẹ́ẹ̀gì tí ó dojú dé. Àwọn tí ń ta epo pupa ti ya ìyẹn sọ́tọ̀ tipẹ́. Ẹni tí ó bá fi àrọ sẹ́nu ìgò, tí ó sì fi abọ́ tẹ́ ìgò nídìí, ó ń “rọ” epo. Ẹni tí kò bá ṣọ́ra, ó “dà” á.

ODI TÍ Ó DÁ EPO DÚRÓ

Abọ́ tí oníṣòwò epo tẹ́ sídìí ìgò ni ìpìlẹ̀ ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń yí táǹkì ká. Ògiri ni, pẹ̀lú ilẹ̀ oníkankéré, tí yóò gba epo bí táǹkì bá tilẹ̀ jò tàbí tí ó bẹ́. Àbá tí ó wà nílẹ̀ níhìn-ín ni “odi adápodúró”. “Odi” yẹ ẹ́ ju “ògiri” lọ, nítorí ògiri lè jẹ́ ti ìhà kan, ṣùgbọ́n odi ìlú a máa yí ìlú ká, ibodè a sì máa wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́.

Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí odi yìí lè gba ohun tí táǹkì tí ó tóbi jù nínú rẹ̀ gbà, kí ó sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e. Fún táǹkì lítà 10,000 tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ irin, odi tí ó gùn ní mítà 5, tí ó fẹ̀ ní mítà 4, tí ó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 55, yóò gba lítà 11,000. Ìṣirò ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni èyí, olùkọ́ sì lè fi í kọ́ni lọ́la.

Ibodè odi náà ni ihò tí omi òjò ń gbà jáde. Bí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀ láti ìgbà òjò tí wọ́n gbàgbé rẹ̀, odi ti di àwòrán lásán, epo yóò sì bá ọ̀nà omi lọ sínú gọ́tà, láti gọ́tà dé odò. Ní Buncefield, epo àti omi tí àwọn panápaná lò gba ara odi kọjá. “Epo ni mo rù, oníyangí má ba tèmi jẹ́” ni ẹni tí ó ru epo ń sọ; ní ti táǹkì, ẹni tí ó ní kànga lẹ́bàá ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà sí ẹni tí ó ru epo.

Ní ibi tí odò ti ń kún, odi nìkan kò tó. Táǹkì lítà 10,000 tí omi bá bò mọ́lẹ̀ yóò gba ìtìsókè tí ó tó tọ́ọ̀nù 10. Bí kò bá sí epo nínú rẹ̀, ìwúwo irin rẹ̀ kò lè dè é mọ́lẹ̀. Yóò léfòó, yóò fa ọ̀pá ya, ohun tí ó kù nínú rẹ̀ yóò sì bá omi lọ. Kí wọ́n dè é mọ́ kankéré ni oògùn rẹ̀. “Léfòó” jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ará etídò mọ̀. Ohun tí kò tíì yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé irin tí ó wúwo bẹ́ẹ̀ lè léfòó. Níbí ni olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ti wúlò ju atúmọ̀ èdè lọ.

ÀTAKÒ KAN ÀTI ÌDÁHÙN RẸ̀

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ti ń lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún gbogbo nǹkan wọ̀nyí, àti pé ìdàrúdàpọ̀ ni ọ̀rọ̀ tuntun yóò mú wá. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Táǹkì, fáàfù, pọ́ǹpù àti wọ́ṣà ti di Yorùbá. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi gbólóhùn gígùn rọ́pò fáàfù ń fi àkókò ṣòfò, ó sì lè fi ẹ̀mí ṣòfò pẹ̀lú. Ìkìlọ̀ ní láti kúrú. Ẹni tí ó rí i pé epo ti dé ẹnu táǹkì kò ní àyè ju “Ó ti kún! Tì í!” lọ.

Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ yẹn gan-an fi ibi tí ààlà wà hàn. Orúkọ ohun èlò lè ti òkè òkun wá pẹ̀lú ohun èlò náà. Ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe kò gbọ́dọ̀ ti ọ̀nà jíjìn wá, nítorí pé ìgbà ìpayà ni wọ́n ń lò ó, èdè tí ènìyàn fi ń ké nígbà ìpayà sì ni èdè ìyá rẹ̀. Òfin tí ó yẹ kí àwọn aṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ dìmú nìyí: kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀-orúkọ àyálò dúró níbi tí ó ti fìdí múlẹ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá sí ẹnu iṣẹ́.

OHUN TÍ Ó KÙ LÁTI ṢE

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ó tẹ̀lé èyí. Kí àwọn tí ń kó ọ̀rọ̀-ìperí jọ ní yunifásítì lọ sí Owódé Onírin àti irú ibẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn wẹ́dà àti awakọ̀ agbépo ń pe nǹkan kí wọ́n tó jókòó ṣẹ̀dá òmíràn. Kí àwọn ògbufọ̀ túmọ̀ ìlànà ìtọ́jú táǹkì ní gbólóhùn kúkúrú tí ó ní olùwà: “Ẹni tí ó rọ epo ni yóò ti fáàfù”, kì í ṣe “Kí fáàfù wà ní títì”. Kí àwọn olùkọ́ sì fi “kán”, “jò”, “sun wọlẹ̀”, “kún”, “bẹ́” àti “dà” sínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè so ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ìdí rẹ̀.

Ìlànà tí ó péye kò níí sọ irin jíjẹrà di tuntun, kò sì níí mú iná mànàmáná dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tí ó bá lè sọ ní aago méjì òru pé táǹkì ń jò, tí kò wulẹ̀ sọ pé epo ti dà, ti sọ ibi tí kí wọ́n wò àti ohun tí kí wọ́n gbé lọ́wọ́ bọ̀. Láàrin gbólóhùn méjèèjì yìí, kànga àdúgbò kan lè là, òmíràn sì lè lọ.